Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Lọ́fíńdà Tó Ń Tètè Pòórá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́fíńdà tí mo fi owó gidi rà, bí mo bá fín in láago méje àárọ̀, tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni? (Òṣìṣẹ́ báńkì, Ìkẹjà)

Ó lè jẹ́ ayédèrú, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ bá ẹni tó tà á jà. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára páálí. Bó bá jẹ́ eau de cologne, òróró olóòórùn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 sí 4 nínú 100 lọ. Ọtí ló pọ̀ jù níbẹ̀, wákàtí méjì yẹn náà ni tirẹ̀. Eau de toilette máa ń ní bíi 5 sí 15, eau de parfum bíi 15 sí 20, èyí tí wọ́n bá kọ parfum tàbí extrait sí lára sì lè tó 20 sí 30.

Bí tiyín bá jẹ́ eau de parfum, tó sì ń ṣe báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ara yín. Ara tó ní ọ̀rá ló ń di òórùn mú. Ara tó gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́ tàbí nínú ọ́fíìsì tí ẹ́sì ti ń fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní ohun tí yóò fi dá a dúró. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, kí ara tó gbẹ pátápátá, ẹ fi ìpara tí kò lóòórùn pa ibi tí ẹ fẹ́ fín. Vaseline lásán náà tó. Òrí dára, àmọ́ òrí tí wọn ò yọ òórùn rẹ̀ kúrò yóò máa bá lọ́fíńdà yín jà. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá gbé ìgò jìnnà sí ara tó nǹkan bíi 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fín in sí ọrùn, ẹ̀yìn etí àti inú ìgbúnwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó fún eau de parfum. Bí ẹ bá fín in sí ọrùn ọwọ́, ẹ má fi ọwọ́ kan ra ìkejì. Ooru tí rírá yẹn ń mú wá máa ń lé òórùn tó kọ́kọ́ ń jáde lọ kíákíá.

Ẹ fura sí imú náà. Òórùn tí imú bá ń gbọ́ lemọ́lemọ́, kì í pẹ́ tó fi máa ń dẹ́kun àti ròyìn rẹ̀ fúnni. Ẹ wo ìyá tó jókòó ti ẹja gbígbẹ láti òwúrọ̀: òórùn ẹja kò sí níbẹ̀ lójú tirẹ̀. Kí ẹ tó fín òmíràn lé e, ẹ bi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bóyá ó ń gbọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fín ara nígbà mẹ́wàá láàárọ̀, imú ló tàn wọ́n, àwọn tí wọ́n jọ wọ dáńfó ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ó ku ibi tí ẹ ń gbé e sí. Iwájú ọkọ̀ nínú oòrùn àti ilé ìwẹ̀ kì í ṣe ilé lọ́fíńdà. Inú páálí rẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn, ni kó máa wà.

Mo gbọ́ òórùn bíi mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń gbé kóró kọfí sí mi nímú láàárín wọn, mo sì ra èyí tó dùn jù. Ká tó jẹun ọ̀sán, ó ti yàtọ̀, ó ń fọ́ mi lórí. (Olùkọ́, Abẹ́òkúta)

Èyí tó dùn mọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù ni òórùn àkọ́jáde: ọsàn, ewé tútù, nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ báyẹn. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ. Òdòdó àti èròjà bíi ata ilẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà ni igi, fàníílà, mọ́sìkì tàbí úùdù yóò wá jókòó sí yín lára títí di alẹ́. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún yan lọ́fíńdà ra ohun tí kò ní sí níbẹ̀ mọ́ kó tó délé.

Ẹ má gbọ́ ju mẹ́ta lọ lórí ìwé pélébé tí wọ́n fi ń dán òórùn wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú méjì tó wù yín jù nínú wọn, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sì jáde láìra nǹkan kan. Ẹ rìn nínú oòrùn, ẹ jẹun, ẹ tún un gbọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Olùtajà lè fajú ro díẹ̀. Owó yín ṣáà ni. Ní ti kọfí, kò sàn ju afẹ́fẹ́ lásán lọ. Bí imú bá ti rẹ̀ yín, ẹ jáde síta.

Mo ra òróró lọ́fíńdà, mo fi sìpírítì kẹ́míìsì pò ó. Ó rí bí omi ògì, ó sì ń ta mí lára. (Oníṣòwò, Ìbàdàn)

Ẹ dà á nù. Sìpírítì tí wọ́n fi ń nu egbò lè ní methanol nínú, májèlé tó ń gba ara wọlé sì ni. Omi tún sábà máa ń wà nínú rẹ̀, omi yẹn ló sì sọ ọ́ di omi ògì, torí òróró lọ́fíńdà kì í yòrò nínú omi.

Ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ń po lọ́fíńdà, tó jẹ́ ìdá 95 tàbí 96 nínú 100 ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà lọ́fíńdà. Fún ìgò 30 ml, òróró 6 ml, ethanol 24 ml. Siríńjì tí kò lábẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọmọrí ìgò kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ da òróró sí ìgò gíláàsì kọ́kọ́, kí ẹ da ethanol lé e, kí ẹ rọra mì í, kí ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló dára jù: òórùn ọtí tó ń gún imú á ti rọlẹ̀. Ẹ má ṣe é nítòsí gáàsì ìdáná tàbí jẹnẹrétọ̀.

Kí ẹ tó po gbogbo rẹ̀, ẹ dán òróró 1 ml wò nínú ethanol 4 ml. Bí nǹkan bá wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò tí kò yòrò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi òróró ìsebẹ̀ tàbí òróró ìpara là á fún yín. Ẹ tún kán díẹ̀ lára èyí tí ẹ bá pò sí inú ìgbúnwọ́ fún wákàtí 24, kí ẹ rí i bóyá yóò yún yín.

Bó bá sì jẹ́ pé bó ṣe wà lóròóró yẹn ló wù yín, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi Bint el Sudan kan ẹ̀yìn etí, ẹ ò nílò ọtí rárá. Ẹ̀kán kan ti tó.

Lọ́fíńdà ba léèsì funfun mi jẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyùn mi ò dán mọ́, ojú ọrùn mi sì ti dúdú tótòtó. (Ìyá ìyàwó, Òṣogbo)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ara ni kí ẹ fín, kí ó gbẹ, kí ẹ tó wọṣọ. Lọ́fíńdà tó bá láwọ̀, pàápàá èyí tó ní fàníílà, máa ń sọ aṣọ funfun di pupa rúsúrúsú. Ìyùn ló gbẹ̀yìn ohun gbogbo, torí ọtí àti èròjà lọ́fíńdà ń pa dídán rẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ ọ tán, ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Bí léèsì bá sì ń rùn káńfọ̀, ẹ sá a síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ méjì; kò sí lọ́fíńdà tó lè bo káńfọ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ti ọrùn, òróró bergamot (èso kan tó jọ ọsàn) àti ti òroǹbó wẹ́wẹ́ máa ń ní èròjà kan tí oòrùn ń bá ṣiṣẹ́ lára, ó sì ń fi àpá dúdú sílẹ̀. Àpá náà lè pẹ́ lóṣù mélòó kan kó tó ṣá, ẹ má fi ìpara abóra bó o. Bí òde bá jẹ́ ti ọ̀sán gangan, abẹ́ aṣọ tí oòrùn kò dé ni kí ẹ fín irú lọ́fíńdà bẹ́ẹ̀ sí.