Ṣé Ẹgbẹ́ Aláàánú Lè Fi Dróònù Ya Fọ́tò Abúlé Tí Omíyalé Kọlù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa ní Lọ́kọ́ja máa ń kó oúnjẹ àti oògùn lọ fún àwọn ará abúlé etí odò bí odò Ọya bá kún. A fẹ́ ra dróònù láti fi wo ibi tí omi dé, ká lè mọ àwọn tó yẹ ká kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú wa ní a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ẹlòmíràn ní àánú la fẹ́ ṣe, ta ni yóò dá wa dúró? Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àánú ọmọnìkejì. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ gba àṣẹ ló sọ òótọ́. Láti 2016 ni NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ti kéde pé ẹnikẹ́ni tàbí ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbé dróònù sókè láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò. Wọn kò yọ aláàánú sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló jẹ mí lógún jù. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, dróònù ọmọ ogun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń ṣe Máólídì. Ó kéré tán, ènìyàn 85 ló kú. Àwọn ológun ní àṣìṣe ni. Ní Kaduna yìí kan náà, ilé iṣẹ́ Zipline bẹ̀rẹ̀ sí í fi dróònù gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àti oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ní 2022. Ìyá tó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ lókè, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó gbé oògùn wá? Nítorí náà, bí abúlé kan bá ní àwọn kò fẹ́, ẹ má gbé e dé ibẹ̀, ìbáà jẹ́ pé àṣẹ ìjọba wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun sókè. Ẹ rí baálẹ̀ àti olórí àwọn obìnrin, kẹ́ ẹ fi Núpé, Bàsà tàbí Ígálà tí wọ́n gbọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà fún wọn wò. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ àti ẹni tó máa rí fọ́tò, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé yíya fọ́tò kì í ṣe ìlérí oúnjẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an bí wọ́n bá ya àwọn tí ebi ń pa tán tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ léwu. Ibi gan-an tí wọ́n ti yà á wà nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé, ó ti mọ ibi tí àwọn ènìyàn sá sí. Ní Kóńgò, àwọn ọmọ ogun àlàáfíà UN bẹ̀rẹ̀ sí í lo dróònù ní Goma ní oṣù Kejìlá 2013. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn àjọ aláàánú kan níbẹ̀ kìlọ̀ pé bí aláàánú bá ń lo ohun tí dróònù ológun rí, àwọn ará ìlú á ka òun náà mọ́ ológun. Mo fara mọ́ wọn. Bí agbófinró bá ní kẹ́ ẹ máa fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí abúlé náà gbọ́ ṣáájú.

Ẹ máa fò ní nǹkan bíi mítà 100, kí kámẹ́rà dojú kọlẹ̀. Òrùlé àti omi á hàn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀. Àmọ́ o, ìdílé tó ti sá lọ bá ẹbí ní ìgboro kò ní sí nínú fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àwọn ni ìyà ń jẹ jù.

Ẹ má tíì rà á. Ẹ háyà ẹni tó ti ní ìwé àṣẹ. Bí àṣẹ bá pẹ́, àwòrán láti sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti ilẹ̀ Yúróòpù wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Rédà ló ń lò, òru tàbí ìkùukùu kò dí i lójú. Kò lè fi ilé kọ̀ọ̀kan hàn yín, ṣùgbọ́n á fi ibi tí omi tẹ́ dé hàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá àwọn atukọ̀ àti apẹja tó mọ abúlé wọ̀nyẹn, kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ènìyàn ṣì wà.