Ọkọ̀ àtijọ́ tó ní ìnṣọ́ránsì: ibi tó lè lọ àti ibi tó gbọ́dọ̀ sùn

Ìbéèrè: Mo ní ọkọ̀ kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìnṣọ́ránsì tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ àtijọ́, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ọkọ̀ tí mò ń gbé jáde lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo ka ìwé àdéhùn ni mo rí i pé mi ò gbọdọ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́, mi ò gbọdọ̀ wà á kọjá 3,000 máìlì lọ́dún, inú gáréèjì tó ṣe é tì ló sì gbọ́dọ̀ máa sùn. Tí mo bá gbé e lọ síbi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré ńkọ́? Tí mo bá rìnrìn àjò tí mo sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, níbo ni kí n ti rí gáréèjì?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ tètè ka ìwé náà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bá àwa alágbàtà, ẹ̀yìn tí olè ti gbé ọkọ̀ lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé kiri.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó tó kéré yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ò ṣàánú yín. Wọ́n ṣírò ni pé ọkọ̀ yìí ò ní sí lójú títì nígbà tí gbogbo ayé bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́, pé kò ní mọ́jú síta, àti pé ẹ ní ọkọ̀ mìíràn tí ẹ fi ń ṣe wàhálà ojoojúmọ́. Ohun tí ẹ ṣèlérí rẹ̀ ni wọ́n fi gé owó yín kù.

Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ló yá dáhùn jù: rárá, kódà ẹ̀ẹ̀kan. Tí ìwé bá sọ pé ìgbafẹ́ nìkan ni, ìyẹn fàyè gba kí ẹ gbé e ṣeré lópin ọ̀sẹ̀, kí ẹ gbé e lọ síbi àfihàn ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Kò fàyè gba lílọ síbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé torí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lè rí i lẹ ṣe gbé e lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ka wíwà á dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́, sí ọ̀kan náà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó tó sì ń gbowó, òwò nìyẹn, ìnṣọ́ránsì ọ̀tọ̀ ló máa rà. Eré ìje ò sì sí níbẹ̀ rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń fi ìwọ̀nba lílọ síbi iṣẹ́ kún un tí ẹ bá san owó díẹ̀ sí i. Tó bá ń wù yín, ẹ béèrè.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ ń sùn ló gba sùúrù, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìjà jù. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé yín pè ní gáréèjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ilé tó ní ògiri yíká, òrùlé àti ilẹ̀kùn tó ṣe é tì ni. Òrùlé orí òpó mẹ́rin kì í ṣe gáréèjì. Ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilé tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ogún ènìyàn, lè má jẹ́ gáréèjì lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn tó sọ ìgbà tí òfin náà múlẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdáhùn òtẹ́ẹ̀lì yín wà. Tí ó bá kà pé «nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílé lóru», ìrìn àjò yín ò ní wàhálà, bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, tí ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání, tí ẹ sì tan ẹ̀rọ adènà olè tí wọ́n ní kí ẹ fi sí i. Àwọn ìwé kan tiẹ̀ máa ń dárúkọ wákàtí, tàbí bí ọkọ̀ ṣe jìnnà sílé tó kí òfin tó tú. Àmọ́ tí ó bá kà pé «lóru gbogbo» láìfi ohunkóhun kún un, ẹ má kúrò nílé láìjẹ́ pé wọ́n ti fún yín ní ìwé ìyọ̀ǹda.

Ìrìn àjò gan-an kọ́ ló ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù. Inú ilé ni. Ẹnì kan ń kun ilé, ó kó àga, páálí àti ike ọ̀dà sínú gáréèjì, ó wá gbé ọkọ̀ síwájú ilé «fún ọjọ́ mélòó kan». Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Tí olè bá gbé e lóru, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé níbo lọkọ̀ náà wà. Irú ìnṣọ́ránsì yìí sábà máa ń jẹ́ èyí tí ẹ̀yin àtàwọn jọ fẹnu kò sí iye ọkọ̀ ṣáájú, nítorí náà odindi iye yẹn ló wà lórí tẹ́tẹ́ nítorí àga àti páálí.

Ṣé àìtẹ̀lé òfin kan ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ nìyẹn? Ó kù sọ́wọ́ òfin ibi tí ẹ wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2015 sọ pé tí ẹ bá lè fi hàn pé ohun tí ẹ ò tẹ̀lé yẹn ò lè fi kún ewu àdánù tó ṣẹlẹ̀ gan-an, wọn ò lè torí rẹ̀ kọ̀ láti sanwó. Bí àpẹẹrẹ, àìsí ọkọ̀ ní gáréèjì lóru àná ò kan ìkọlù tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án òní. Ṣùgbọ́n àìsí ní gáréèjì kan olè òru tààrà. Àwọn ilẹ̀ mìíràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi irú àríyànjiyàn yìí ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ti máìlì ò ṣòro. 3,000 máìlì jẹ́ nǹkan bíi 4,800 kìlómítà. Ẹ ya fọ́tò mítà ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ìnṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀, ẹ tún yà á nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ìnṣọ́ránsì náà dọ̀tun. Mítà tó ní òǹkà márùn-ún máa ń padà sí òdo lẹ́yìn 99,999, èyí sì lè mú kí ìṣirò dojú rú. Tí mítà bá kú, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá rí i pé ẹ fẹ́ kọjá, ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kọjá, torí àfikún owó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ díẹ̀.

Gbogbo ìyọ̀ǹda tí ẹ bá gbà, kó jẹ́ ní kíkọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò tó. Lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì onílà méjì tó: «Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ mi rìnrìn àjò láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ìta gbangba ni yóò sì máa sùn. Ṣé ìnṣọ́ránsì mi ṣì múlẹ̀ fún olè àti iná?» Ẹ tọ́jú èsì wọn.

Bákan náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ta ọkọ̀ tí ẹ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tàbí tó bà jẹ́ tí kò ṣe é tún ṣe mọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn, torí wọ́n lè ti fi níní ọkọ̀ mìíràn ṣe ọ̀kan lára àdéhùn. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ tú ọkọ̀ àtijọ́ náà palẹ̀ fún àtúnṣe gígùn, ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tí a gbé kalẹ̀: iná àti olè nìkan ló sábà máa ń bò, ẹ ò sì ní lè wà á jáde títí wọn yóò fi yí i padà, kódà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.