Kí ni ìtumọ̀ "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba"?

Ìbéèrè: Arábìnrin kan láti Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ló béèrè pé: "Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti wọlé ọkọ, mo ṣì ń wojú Olúwa fún èso inú. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí ìyá ọkọ mi ni wọ́n máa ń sọ pé, 'Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.' Mi ò mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún mi tàbí wọ́n ń fi mí wé akólòlò. Wòlíì kan tún ti sọ fún wa pé Ọlọ́run ṣèlérí ọmọ fún wa kí èṣí tó parí. Èṣí parí, kò sí nǹkan kan. Ṣé òwe ìyá yìí bá ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mu?"

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú. Àdúrà ni. Àgbà tó bá fẹ́ fi àìrọ́mọbí gún ènìyàn lára kì í pa òwe yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ yín máa dáa ló ń pa á. Àwọn mìíràn a máa sọ ọ́ pé, "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba." Ọ̀kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo akólòlò náà dáadáa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni adùn òwe yìí wà. Akólòlò kì í ṣe odi. Ohun tó fẹ́ sọ ti pé nínú rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹnu ni kò jẹ́ kó jáde. "Baba" sì lè ni ín lára gidi, torí ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tún tú, ẹ̀ẹ̀mejì. Á di "b-b-ba", á dákẹ́, á mí, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó dúró tì í lè rò pé kò ní lè sọ ọ́ mọ́, àwọn ọmọdé lè máa sín in jẹ (ìwà tí kò dáa rárá, kò sì yẹ ká máa pa òwe yìí níwájú ẹni tó ń kólòlò láti fi ṣe yẹ̀yẹ́). Síbẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Kò sọ pé nígbà tí "baba" ò ti jáde, òun á kúkú pe ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló wà lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi jáde.

Ohun kan tún wà tí àwa tí à ń pa òwe yìí kì í sábà rántí: baba tí wọ́n ń pè wà níjòókòó, ó ń gbọ́. Kò dìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá pé kó tó mọ̀ pé òun lọmọ òun ń pè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé sùúrù nìkan ni òwe yìí ń kọ́ wa, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sọ. Ẹni tó panu mọ́, tó káwọ́ lẹ́rán, kì í ṣe akólòlò inú òwe. Ìforítì ẹni tó ń pè ló wà níbẹ̀, àti etí ẹni tí à ń pè.

Ẹ wá lọ ka Sámúẹ́lì Kìíní, orí 1. Hánà ń gbàdúrà ní Ṣílò, ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, débi pé Élì rò pé ó ti mutí yó. Àlùfáà ló ṣì í mú, kì í ṣe ọ̀tá. Pẹ̀nínà orogún rẹ̀ ti ń mú un bínú lọ́dọọdún, títí tó fi ń sunkún tí kò lè jẹun. Bíbélì kò fi ẹkún yẹn pa mọ́, kò sì sọ pé àìnígbàgbọ́ ni. Iwájú Ọlọ́run ló gbé e lọ. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì tí àdúrà kò jáde, tó jẹ́ ètè lásán ló ń mì, ẹ má ṣe rò pé ẹ ò gbàdúrà.

Ti Ábúráhámù yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni ọdún 75 ni nígbà tó jáde kúrò ní Háránì, ó pé 100 kí wọ́n tó bí Ísáákì. Láàárín rẹ̀, nígbà tó di ẹni 86, Íṣímáẹ́lì ti dé láti ọ̀dọ̀ Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin Sárà ìyàwó rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá tí wọ́n gbà nìyẹn, Hágárì àti ọmọ rẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀ jù. Mo sọ èyí nítorí ìmọ̀ràn oríṣiríṣi tí ẹ ó ti máa gbọ́, ẹ̀yin àti ọkọ yín.

Ìbàdàn náà mọ ohun tí à ń pè ní pípẹ́. A kì í bí ẹnikẹ́ni sórí oyè Olúbàdàn. Mọ́gàjí, olórí agboolé, ni yóò kọ́kọ́ di Jagun, kó tó máa gun àkàbà lọ, ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, ìgbésẹ̀ tó lé ní 20. Ẹni ọdún 89 ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn nígbà tí wọ́n gbadé ní oṣù Keje 2024. Ẹni 81 ni Ọba Rashidi Ládọjà nígbà tó kàn wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 2025. Ọ̀pọ̀ ló wà lórí àkàbà yẹn tí kò dé òkè. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìdúró yẹn wé tiyín. Olóyè ń dúró kí àyè ṣí lókè òun ni. Ẹni tó ń dúró de Ọlọ́run kò dúró kí àyè ẹnikẹ́ni ṣí. Ọmọ tí aládùúgbò yín bí, tí ẹ lọ bá wọn sọ lórúkọ, kò gba àyè ọmọ tiyín.

Ní ti wòlíì, màá sọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi. Òwe ìyá kò dá ọjọ́: ó lè pẹ́, ó lè yá, ẹni tó pa á kò mọ èwo ni yóò jẹ́. Wòlíì dá ọjọ́, ọjọ́ sì kọjá. Diutarónómì 18:22 sọ pé bí wòlíì bá sọ̀rọ̀ lórúkọ Olúwa tí ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ, Olúwa kọ́ ló sọ ọ́, kí a má bẹ̀rù ẹni náà. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ló yẹ̀. Ẹ má gbé e ka Ọlọ́run lórí, ẹ má sì máa bi ara yín bóyá ààwẹ̀ yín ni kò pé.

Ẹ ó ti gbọ́ Ẹ́kísódù 23:26 ní ìsọjí, pé kò ní sí àgàn ní ilẹ̀ rẹ. Ísírẹ́lì lódindi ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nínú májẹ̀mú. Àwọn kan á bá mi jiyàn lórí èyí. Èyí tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún yín ni Hébérù 13:5, pé kò ní fi yín sílẹ̀, kò sì ní kọ̀ yín. Ìwé kan náà, orí 11 ẹsẹ 13, sọ pé àwọn kan kú nínú ìgbàgbọ́ láì tíì gba ohun tí a ṣèlérí. Òkèèrè ni wọ́n ti rí i. Ó nira láti kà. Mi ò ní torí ìyẹn fi pa mọ́ fún yín.

Kúdẹtì ní Ìbàdàn níbí náà rí irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Míṣọ́nnárì David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ ti wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti 1853. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, ó sì tó 1865 kí wọ́n tó bọ́ nínú ìhámọ́ náà. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn lè rí nǹkan jẹ, iṣẹ́ ìjọ sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, Daniel Olúbí, tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló ń bójú tó iṣẹ́ ìjọ náà lọ.

Nítorí pé akólòlò ń sa gbogbo ipá ẹnu rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà bí ẹ kò bá tíì lọ. Ilé ìwòsàn UCH kò jìnnà sí Mọ́kọ́lá. Kí ọkọ yín náà bá yín lọ, kí wọ́n yẹ òun náà wò, torí ó lè wá láti ara ọkùnrin bó ṣe lè wá láti ara obìnrin. Ìyẹn kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Bí ìyá bá tún pa òwe náà, ẹ lè kúnlẹ̀ kí ẹ dáhùn pé, "Àmín, màámi, ẹ̀yin náà lẹ ó gbé e pọ̀n." Lọ́jọ́ tí ara yín ò bá gbé e, "àmín" nìkan ti tó. Bó bá sì ti ń dùn yín jù, ọkọ yín ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin.