Ìdáhùn sí Ìyá Ìbejì: Káàdì tí Igun Rẹ̀ Ká

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kọ̀wé sí mi láti Peckham ní London pé àwọn ìbejì yín fa àpótí káàdì eré Pokémon bàbá wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ṣeré, igun ọ̀kan sì ká. Ẹ fi áyọ̀ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ kó lè nà, ńṣe ló wú. Nígbà tí ọkọ yín dé tí ojú rẹ̀ sì yí padà, ẹ ní, “Ṣé nítorí bébà lásán?” Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, kò bá yín sọ ju “káàárọ̀” lọ. Ẹ wá bi mí bóyá ó yẹ kí àgbàlagbà máa ṣọ̀fọ̀ bébà.

Ó yẹ. Káàdì tí ẹ ṣàpèjúwe fún mi, ti Blastoise, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá inú eré Pokémon, tó ní òǹtẹ̀ dúdú kékeré onínọ́ńbà 1 lábẹ́ àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, wà lára èyí tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast kọ́kọ́ tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, lẹ́yìn tí eré náà ti jáde ní Jàpáánì ní 1996. Káàdì 102 ló wà nínú ọ̀wọ́ náà, 16 péré ló sì ní àwòrán tó ń dán. Nígbà tí ọjà yá, wọ́n tún un tẹ̀ láìsí òǹtẹ̀ yẹn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi òjìji sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún férémù àwòrán náà, débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wò yóò dá àkọ́tẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọdé ni ọ̀pọ̀ àkọ́tẹ̀ bọ́ sí. Wọn kì í fi í sínú àpò, wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n fi ṣeré lórí ilẹ̀ ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí èyí tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ṣì mú fi ṣọ̀wọ́n, tí ilé-iṣẹ́ tó ń díwọ̀n ipò káàdì, bíi PSA, sì fi máa ń yẹ igun, etí àti ojú rẹ̀ wò kí wọ́n tó fún un ní máàkì láti 1 dé 10.

Áyọ̀ọ̀nù yẹn ló burú jù. Bébà tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele ìpele ni káàdì náà, ooru a sì máa tú u. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí i, ẹ má gbé ìwé ńlá lé e.

Síbẹ̀, n kò gbà pé owó ló ń dun ọkọ yín. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín, bí ẹni tí kò kà á sí, ẹ kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé ló mú káàdì náà bọ̀ fún un láti Houston ní 1999, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá Ìbejì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹyin lohùn, èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà kò bọ́ sórí bébà rárá.

Ọkọ yín náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, mo sì fẹ́ kó kà á. Ohun tó ṣe iyebíye tó bẹ́ẹ̀ kì í gbé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí ọwọ́ ọmọ ọdún márùn-ún lè tó o, kò sì yẹ kí aya ẹni máa gbé inú ilé kan náà láìmọ ohun tó jẹ́.

Lálẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ jókòó tì í, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé. Ẹ sọ fún un pé, “Mo pe ohun ìyá yín ní bébà lásán, ẹ dákun, ẹ fi ìyókù hàn mí.” Ẹ jẹ́ kó fi òǹtẹ̀ náà hàn yín, kó sọ ìtàn rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ra àpò oníke tó le fún àwọn káàdì náà, kí ẹ gbé àpótí náà sókè. Ẹ ra káàdì tuntun, èyí tí kò wọ́n, fún Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí bàbá wọn fúnra rẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìka méjì dì í mú létí.