Má jẹ́ kí wọ́n kọ "ó yọ̀ ṣubú" sí ohun tó ṣe ẹ́

Àbúrò mi, o ní bàbá onígbàgbé tí ẹ̀ ń tọ́jú ní kíà hóòmù yín lọ́ ẹ lápá, mánéjà wá ní kò sóhun tẹ́nì kan fẹ́ kọ torí àìsàn ló ń ṣe bàbá. Má gbà o, jọ̀ọ́. Irú ẹ̀ ṣe mí níbí, ní Ìlú Ọba, àìmọ̀ ló sì fìyà jẹ mí.

Ìyá àgbà kan ni mò ń wọ kádígàn fún láàárọ̀, ló bá tì mí lójijì, èjìká mi gbá igun wọ́dúróòbù, mi ò lè gbé apá sókè mọ́. Ọjọ́ 9 ni mi ò fi lè ṣiṣẹ́. Mánéjà wo rótà, ó ní ṣíftì 4 péré ni mo pàdánù, pé kò tó nǹkan tí wọ́n ń fi tó ìjọba létí.

Irọ́ ni, òfin kì í ka ṣíftì! RIDDOR ti 2013, ìyẹn òfin Ìlú Ọba lórí fífi ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́ tó ìjọba létí, ní tó bá ti ju ọjọ́ 7 lọ tó ò lè ṣe iṣẹ́ tó o máa ń ṣe, kí wọ́n rìpọ́ọ̀tì ẹ̀ fún HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, kí ọjọ́ 15 tó pé sígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ Sátidé, Sọ́ńdè, ọjọ́ ọ́ọ̀fù, kíkà ni gbogbo ẹ̀. Tó bá ju ọjọ́ 3 lọ, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé eegun apá ló kán, wọn ò tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ka ọjọ́ kankan. Ẹni tó gbà wá síṣẹ́ ló ni rìpọ́ọ̀tì yẹn, kì í ṣe ìwọ, àti pé kò ní kí wọ́n mú bàbá o.

Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo padà, tí mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa mi hàn mí, "staff slipped" ni mo bá níbẹ̀. Èmi tí wọ́n tì! Àwọn yúníọ̀nù ló bá mi kọ lẹ́tà kí wọ́n tó tún un kọ.

Torí náà, lálẹ́ yìí, kọ aago tó ṣẹlẹ̀, yàrá wo, ta ló wà níbẹ̀, apá wo ló lọ́, fi ránṣẹ́ sí mánéjà ní íméèlì, má kọ orúkọ bàbá tán síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ físà ń bà ẹ́ lẹ́rù, ó ba èmi náà, ìdí tí mo fi dákẹ́ ọ̀sẹ̀ 2 nìyẹn, ọjọ́ 15 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí mi.

Ọjọ́ mélòó lo ti wà nílé báyìí? Ka ọ́ọ̀fù mọ́ ọn, kó o dá mi lóhùn.