P0171 Kò Ní Kí Ẹ Pààrọ̀ Sẹ́ńsọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀rọ Scan Kékeré Wádìí Àìsàn Ọkọ̀

Ìbéèrè

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo, Toyota Corolla 2006 tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà ni mò ń wà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí iná check engine ti tàn. Mẹkáníìkì mi gbé ẹ̀rọ scan wá, ó ní P0171 ló gbé jáde, pé oxygen sensor ti kú. Mo ra òmíràn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, iná kú. Ní ọjọ́ kẹrin ó tún tàn. Wọ́n ní èyí tí mo rà kì í ṣe ojúlówó, mo tún ra òmíràn, ojú kan náà la ṣì wà. Ọkọ̀ ń mu epo, ó sì ń gbọ̀n bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹnì kan wá ní kí n ra ẹ̀rọ scan kékeré tèmi. Ṣé ó lè wúlò fún ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì? Kí ni màá fi wò tí wọn ò tíì wò?

Ìdáhùn

Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ká tó dé orí ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yín: ó ṣeé ṣe dáadáa pé sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ, èyí tó bá ọkọ̀ yín wá láti òkè òkun, ara rẹ̀ le koko. Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má jù ú nù.

P0171 kò bá sẹ́ńsọ̀ kankan wí. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju epo tó ń bá a rìn lọ. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán bó ṣe yẹ, nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ ló ń bá kílò 1 epo lò. Inú páìpù èéfín ni oxygen sensor jókòó sí, ó ń wo afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iná, ó sì ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn brain box. Bó bá jíṣẹ́ pé afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù jù, brain box á bu epo kún un. Bí kò bá tíì tó, á tún bù kún un. Ìgbà tó bá ń bù ú títí tó fi kan òpin ibi tí agbára rẹ̀ mọ, tí afẹ́fẹ́ ṣì ń pọ̀ jù, ló máa tó kọ P0171 sílẹ̀, tí á sì tan iná. Sẹ́ńsọ̀ yín ló figbe ta pé olè wọlé, òun náà ni wọ́n wá dì mú. Bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló kú, kóòdù tirẹ̀ ló sábà máa ń yọ, bíi P0135 tó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń mú sẹ́ńsọ̀ náà gbóná.

Kí ló wá dé tí iná fi kú fún ọjọ́ mẹ́rin? Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ tuntun ló pa á. Mẹkáníìkì yín ló fi ẹ̀rọ pa kóòdù rẹ́. Bí ẹ bá pa kóòdù rẹ́, brain box á gbàgbé gbogbo epo tó ti ń bù kún un, á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó tún yẹ kó rí àṣìṣe náà nínú ìrìnàjò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó tan iná fún irú kóòdù yìí. Ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó ń tún ìwádìí rẹ̀ ṣe ni.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ra ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kóòdù nìkan ni ẹ fẹ́ máa fi kà, ẹ fi owó yín sápò. Ibi tí èrè rẹ̀ wà ni ohun tí wọ́n ń pè ní live data: àwọn nọ́ńbà tí brain box ń rí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí ni wọn ò wò fún yín.

Ojú ibi tí ẹ máa ki ẹ̀rọ náà bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, níwájú orúnkún awakọ̀, ó ní ihò 16. Láti ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n bá tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní i. Ilẹ̀ Yúróòpù fi lé àwọn ọkọ̀ onípẹtiróòlù tuntun lọ́rùn ní 2001. Ohun tó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè bá Toyota, Honda àti Ford sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nínú kóòdù fúnra rẹ̀, P jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti jíà, C jẹ́ ti bíréékì àti stíárìn, B jẹ́ ti ara ọkọ̀ bíi airbag, U sì ni ti àwọn brain box tí wọn ò gbọ́ ara wọn. Bí òdo bá tẹ̀ lé lẹ́tà náà, ìtumọ̀ kan náà ló ní nínú ọkọ̀ gbogbo. Bó bá jẹ́ 1, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ni, ẹ má fi ìtumọ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn kà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kí coolant temperature, ìyẹn bí omi inú ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, lé ní 80 lórí ìwọ̀n Celsius. Ẹ pa AC. Ẹ wá nọ́ńbà méjì nínú live data: short term fuel trim àti long term fuel trim. Epo tí brain box ń bù kún un tàbí tó ń yọ kúrò ni wọ́n ń sọ, ní ìdá ọgọ́rùn-ún. Ti àkọ́kọ́ ni ohun tó ń ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn. Ti èkejì ni èyí tó ti di bárakú fún un. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bí àpapọ̀ wọn bá wà láàárín 10 lókè àti 10 nísàlẹ̀ òdo, ara ọkọ̀ dá. Tiyín á ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè sún mọ́ 25 tàbí kó kọjá rẹ̀.

Ẹ kà á nígbà tí ọkọ̀ wà ní slow, ìyẹn nígbà tó dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹná, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan tẹná díẹ̀díẹ̀ títí RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, fi dé 2500, kó dì í mú níbẹ̀ bíi ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún kà á. Ibí yìí ni ẹ máa fojú sí gan-an, torí pé ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Bí nọ́ńbà bá ga ní slow, tó sì wálẹ̀ nígbà tí ẹ tẹná, afẹ́fẹ́ ń gba ibòmíràn wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé ihò kan náà tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lẹ́yìn èyí tí brain box ti wọ̀n, ó pọ̀ lójú afẹ́fẹ́ kékeré tí ẹ́ńjìnnì ń lò ní slow. Nígbà tí ẹ bá tẹná, afẹ́fẹ́ ojúlówó pọ̀ débi pé ti ihò yẹn kò jọjú mọ́. Gbígbọ̀n tí ẹ ní ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹ bá dúró jẹ́ kí n fura sí èyí jù. Ẹ wo hóòsì ńlá tó ti ilé air filter wá sí ẹnu throttle, ìyẹn ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì: ẹ tẹ ojú ìkákò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí inú ìkákò ló máa ń là sí, ojú lásán kì í rí i. Ẹ wo àwọn hóòsì tẹ́ẹ́rẹ́ náà, oòrùn wa máa ń jẹ́ kí wọ́n gan. Lẹ́yìn náà ni gáàsìkẹ́ẹ̀tì intake manifold, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sílíńdà. Hóòsì rọ́bà kan tó gùn tó apá, tí ẹ fi etí kan sí lẹ́nu, tí ẹ sì ń fi ẹnu kejì rẹ̀ yí ẹ́ńjìnnì ká, máa jẹ́ kí ẹ gbọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń súfèé. Ẹ ṣọ́ra fún fan àti bẹ́líìtì. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fọ́n bẹntiróòlù tàbí carburetor cleaner sára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ihò. Mo ti rí ibi tí iná ti sọ.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà dára ní slow, tó wá ń gòkè bí ẹ bá tẹná tàbí tí ẹ bá ń gun òkè, epo ló ń kù díẹ̀ káàtó. Pọ́ọ̀ǹpù tó ti rẹ̀, tàbí filter tó ti dí, lẹ máa lọ bá, ẹ̀rọ scan kò sì lè wọn agbára epo nínú ọkọ̀ yín. Géèjì ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. MAF sensor tó ti dọ̀tí náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: òun ló ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, bí eruku bá bo wáyà rẹ̀, á máa ka afẹ́fẹ́ ní kíkéré. Oògùn tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni kí wọ́n fọ́n sí i, kí ọwọ́ má kan wáyà náà rárá, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó dá a padà.

Bó bá sì ga lọ́gbọọgba níbi méjèèjì, ẹ ṣì máa wo MAF àti epo, kí wọ́n tún wo bóyá páìpù èéfín ti lu níwájú sẹ́ńsọ̀, torí afẹ́fẹ́ ìta tó bá gba ibẹ̀ wọlé á tan sẹ́ńsọ̀ jẹ.

Ẹ rí i pé títí di ìsinsìnyí, a ò tíì ra nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé Camry wá bá mi pẹ̀lú P0302, ìyẹn ni pé sílíńdà kejì kò jó dáadáa. Wọ́n ti ta injector, èyí tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, fún un níbòmíràn, kò sì gbọ́. Mo yọ coil sílíńdà kejì, èyí tó ń fún plug ní iná, mo fi pààrọ̀ ti ẹ̀kẹta, mo pa kóòdù rẹ́, a wa ọkọ̀ náà díẹ̀. P0303 ló yọ. Àìsàn ti bá coil lọ, ọ̀rọ̀ parí. Bírú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, tí iná check engine ń ṣẹ́jú dípò kó dúró, ẹ má rìn jìnnà mọ́: epo tí kò jó ń lọ sínú páìpù èéfín, ó lè sun catalyst, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù náà.

Ohun méjì wà tí wọ́n máa ń ṣe níbí tí ẹ̀rọ náà máa tú fó, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má gbà á. Wọ́n á yọ thermostat, èyí tó ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò wá ní gbóná tó bó ṣe yẹ, brain box á máa bu epo fún un bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀, P0128 á sì yọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wo bóyá tiyín ń dé 80. Wọ́n tún máa ń gé catalyst, irin iyebíye inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà. P0420, tó ń sọ pé catalyst kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, á yọ, wọ́n á tún ní kí ẹ wá ra oxygen sensor.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù rẹ́, ẹ ka freeze frame. Ohun tí ọkọ̀ ń ṣe gan-an ní ìṣẹ́jú tí àṣìṣe náà wáyé ni brain box kọ síbẹ̀: eré tó ń sá, RPM, bó ṣe gbóná tó. Tí wọ́n bá pa kóòdù rẹ́, òun náà lọ nìyẹn. Ẹ tún wo readiness, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ìdánwò tí brain box ń ṣe fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn ìdánwò tó wà níbẹ̀ bá ṣì jẹ́ incomplete, ìyẹn ni pé wọn ò tíì parí, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù ni, tàbí kó yọ bátìrì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ míì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ sì wò ó bóyá iná check engine máa ń tàn nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó sítáàtì, torí àwọn kan máa ń bo gílóòbù rẹ̀ lójú.

Ní ti èyí tí ẹ máa rà, ìbáà jẹ́ èyí tó ní ojú tirẹ̀ tàbí ti Bluetooth tí ẹ ń fi fóònù wò, ẹ rí i pé ó ń gbé live data àti freeze frame jáde. Ọ̀nà márùn-ún ni àwọn ọkọ̀ tí ọjọ́ wọn ti pẹ́ ń gbà bá ẹ̀rọ scan sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CAN nìkan ló wá di dandan ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2008. Corolla yín ti ṣíwájú ìyẹn, àwọn Bluetooth olówó pọ́ọ́kú kan kì í sì gbọ́ gbogbo ọ̀nà márààrún. Ẹ dán an wò lára ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó. Èyí tó kéré kì í ka ABS tàbí airbag, kò sì sí èyí tó máa sọ fún yín pé bíréékì ti jẹ tán.

Bó bá di Sátidé, ẹ kà á ní slow, ẹ kà á ní 2500, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ohun tí freeze frame sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ kẹta ṣáájú ọjọ́ náà.