Ṣé adìẹ kan tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lè kó o ran àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé?

Bẹ́ẹ̀ ni, kíákíá sì ni. Ohun tó sábà ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára òròmọdìẹ ọlọ́sẹ̀ 3 sí 6 ni àrùn tí wọ́n ń pè ní coccidiosis. Kòkòrò tíntín tó ń jẹ́ Eimeria, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń ba ìfun wọn jẹ́.

Ẹnu ló ń gbà wọlé. Ẹyin kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò tíì lè ranni lójú ẹsẹ̀: ó ní láti rí ọ̀rinrin, ooru àti afẹ́fẹ́ fún bí ọjọ́ 1 sí 2 kó tó gbó. Ẹ wo abẹ́ ike omi yín. Ibi tí ìyẹ̀ igi ti rin gbingbin, tó dì mọ́ra, ibẹ̀ gan-an ni. Adìẹ á tanlẹ̀ níbẹ̀, á ṣa oúnjẹ tó dà sílẹ̀, á gbé e mì. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan, òun náà á máa yà á jáde. Bàtà yín àti ṣọ́bìrì náà ń gbé e kiri.

Ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń fọ ilẹ̀ kì í mú un, èèpo ẹyin kòkòrò náà le jù. Ẹ kó ìyẹ̀ igi tó tutù dànù, ẹ gbé ike omi ga bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba, ẹ má sì há wọn mọ́ra. Gbogbo wọn ni kí ẹ fún ní oògùn amprolium tó ń pa kòkòrò yìí nínú omi, kì í ṣe aláìsàn nìkan. Dókítà ẹran ni kó sọ ìwọ̀n. Tí ẹ bá ní ewúrẹ́ nítòsí, ẹ fọkàn balẹ̀: ti adìẹ kì í ràn wọ́n.